Èéfín búlúù lẹ́yìn tí mo bá pa ẹ́ńjìnnì: ibo ni kí ọ́ìlì tọ́bò gbà padà lórí 13B inú bàálù?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi fún oṣù méjì. Mo fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ síbí kí ẹ bá mi wò ó.

Bàálù oníjòkòó méjì ni mò ń fọwọ́ ara mi kọ́. Ẹ́ńjìnnì 13B ti Mazda ló wà nínú rẹ̀, rọ́tárì onírọ́tọ̀ méjì (rọ́tọ̀ onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀ dípò pístìnnì), láti ara mọ́tò RX-7 tí kò ní tọ́bò tẹ́lẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè máa ti atẹ́gùn púpọ̀ sí i wọ ẹ́ńjìnnì. Ó dúró bó ṣe ń dúró nínú mọ́tò: sọ́ọ̀mpù (abọ́ tí ọ́ìlì ń gbé) nísàlẹ̀, púlọ́ọ̀gì lápá kan, ihò atẹ́gùn àti ihò èéfín lápá kejì. Ibi tí fùláíwíìlì wà ni gíà tó ń dín eré kù fún prọ́pẹ́là jókòó sí, nítorí náà ibi tó jẹ́ iwájú ẹ́ńjìnnì nínú mọ́tò ló wá kọjú sí wa nínú bàálù. Èmi fúnra mi ni mo fi tọ́bò sí i. Àyè há lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo bá so ó sísàlẹ̀ níbi tí sàlẹ́ńsà (páìpù èéfín) ti rọrùn láti tẹ̀.

Bí mo bá tan án, kò sí wàhálà. Tí mo bá sáré e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí mo wá dín eré rẹ̀ kù, èéfín búlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Tí mo bá pa á, á ṣì máa rú fún bí ìṣẹ́jú méjì. Mo yọ páìpù tó ń lọ láti ara kọ̀mpírẹ́sọ̀ (apá tọ́bò tó ń ti atẹ́gùn), ọ́ìlì ṣàn sí mi lọ́wọ́. Mo ra tọ́bò tuntun. Ọjọ́ kejì ni òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní séèlì inú rọ́tọ̀ ló ti jẹ, kí n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra pọ́ǹpù oníná tí yóò máa fa ọ́ìlì jáde. Èwo ni kí n ṣe?

Ẹsẹ̀ Mẹ́ta

Àbúrò, má tíì tú ẹ́ńjìnnì. Tọ́bò méjì kì í ṣe àìsàn kan náà láàárín ọjọ́ méjì. Ibi tí o so wọ́n mọ́ ni kó o wò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé séèlì rọ́bà kan wà nínú tọ́bò tó ń dí ọ́ìlì. Kò sí. Òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, bíi rín-ìn ti pístìnnì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dènà èéfín gbígbóná àti atẹ́gùn kí wọ́n má bàa ya wọ ibi tí bẹ́árìn wà. Ohun tó ń mú kí ọ́ìlì má jáde síta ni pé àyè tó yí ọ̀pá tọ́bò ká gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nígbà gbogbo. Ọ́ìlì ń fi agbára wọlé láti òkè, ó gba inú bẹ́árìn kọjá, ó já bọ́. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ohun tó ń tì í mọ́. Ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló ń gbé e padà sí sọ́ọ̀mpù.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń po ọ́ìlì pọ̀ mọ́ atẹ́gùn títí tó fi ń hó bí ọṣẹ. Ohun tó ń jáde nísàlẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì tí o dà sínú ẹ́ńjìnnì mọ́. Ìfófòó ni, àyè tó ń gbà pọ̀ ju ti ọ́ìlì lọ, kì í sì í yára ṣàn. Ìdí nìyẹn tí páìpù ìgbówọlé fi lè tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka kékeré tí páìpù ìdapadà sì gbọ́dọ̀ tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Bí ìfófòó yẹn bá ti rí ìdènà, á kún dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, á gba ara òrùka irin yẹn jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, agbára èéfín àti ti búùsì (atẹ́gùn tí tọ́bò ń tì wọlé) á máa tì í padà díẹ̀. Bó o bá dín eré kù, agbára yẹn lọ, ọ́ìlì jáde. Ohun tí ìwọ náà sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Sọ èyí fún wa: báwo ni inú họ́ọ̀sì rẹ ṣe fẹ̀ tó? Ǹjẹ́ ibì kan wà tó ti rọ̀ sílẹ̀ kó tó tún gòkè? Níbo ló ti wọ sọ́ọ̀mpù, lókè ojú ọ́ìlì àbí nísàlẹ̀ rẹ̀? Ẹnu ihò tọ́bò fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó dorí kodò tààrà? Níbo ni páìpù ìmí ẹ́ńjìnnì sì jáde sí?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo dojúbolẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ lónìí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti rúlà.

Inú họ́ọ̀sì jẹ́ mìlímítà 11. Ó jáde lára tọ́bò, ó lọ gbọọrọ fún bí sẹ̀ǹtímítà 20, ó gba abẹ́ sàlẹ́ńsà, níbẹ̀ ló ti rọ̀ bí okùn aṣọ tí aṣọ tútù wà lórí rẹ̀, ó wá gòkè díẹ̀ kó tó wọ sọ́ọ̀mpù. Bí mo bá fi ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì ṣírò, ojú ọ́ìlì ga ju ibi tó wọlé lọ. Láti ẹnu ihò tọ́bò sí ojú ọ́ìlì, sẹ̀ǹtímítà 4 péré ni. Ihò tọ́bò gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Mo fi ohun èlò orí fóònù wọ̀n ọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 50. Ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ sọ́ọ̀mpù wà lápá ọ̀dọ̀ wa, lẹ́bàá irin tó pín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó níyà.

Nígbà tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí.

Ẹsẹ̀ Mẹ́ta

Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Gbogbo wa la kọ́kọ́ ń so tọ́bò síbi tí sàlẹ́ńsà ti rọrùn, tí a wá ń wá ọ̀nà fún ọ́ìlì lẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣì í. Ọ̀nà tí ọ́ìlì máa gbà padà ni kó o kọ́kọ́ yàn, kó o tó gbé tọ́bò sókè, kó o tó gé páìpù kankan. Irin sàlẹ́ńsà ṣeé tẹ̀, ó ṣeé jó pọ̀. Kò sẹ́ni tó lè tẹ ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà ṣubú.

Dígírì 50 yẹn pọ̀ jù. Ìmọ̀ràn àwọn tó ń ṣe tọ́bò ni pé kí ẹnu ihò ìdapadà má gẹ̀ ju dígírì 35 lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó tilẹ̀ kọjú sílẹ̀ tààrà ló dára jù. O lè tú àwọn bóòtù tó di ìkarahun tọ́báìnì (apá tí èéfín ń yí) àti ti kọ̀mpírẹ́sọ̀ mú díẹ̀, kó o yí àárín rẹ̀ títí ihò yóò fi dorí kodò, kó o tún dì í. Ṣọ́ra kí abẹ kọ̀mpírẹ́sọ̀ má fara gbún ìkarahun rẹ̀. Bí omi ìtútù bá ń gba àárín tọ́bò rẹ kọjá, rántí pé ihò omi náà á yí pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti họ́ọ̀sì, inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí mìlímítà 13. Èmi a máa lo èyí tí wọ́n ń pè ní -10, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 16 níta irin rẹ̀. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò burú.

Àgbà Tọ́bò

Ẹsẹ̀ Mẹ́ta ti sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi páìpù ìgbówọlé kún un.

Agbára ọ́ìlì rọ́tárì ga. 13B ilé-iṣẹ́ lè tó bár 5 nígbà tí eré bá ti wọlé. Bó bá jẹ́ pé tọ́bò oníbọ́ọ̀lù ni o rà, ìyẹn èyí tí bẹ́árìn rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù irin nínú, ọ́ìlì tó nílò kéré púpọ̀. Irin kékeré oníhò mìlímítà 1 ni wọ́n ń fi sẹ́nu páìpù ìgbówọlé kí ọ́ìlì má bàa rọ́ wọ inú rẹ̀. Tọ́bò tí bẹ́árìn rẹ̀ jẹ́ ti òrùka lásán kì í sábà nílò rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi irin yẹn sí irú tọ́bò bẹ́ẹ̀ láti fi dín èéfín kù. Èéfín dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ọ̀pá ti jó dúdú. Àìsàn wà ní páìpù ìdapadà, òun ń fún ọ̀fun páìpù ìgbówọlé.

Òfúrufú Lọ́nà

Ẹ̀yin ọ̀gá, gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ni mo gbà, ṣùgbọ́n bíi pé ẹ́ńjìnnì dúró sórí tábìlì ni ẹ ṣe ń ṣírò rẹ̀. Bàálù ni o. Imú rẹ̀ máa ń gòkè.

Ẹ bá mi ṣírò. Bí imú bá gòkè ní dígírì 15, ojú ọ́ìlì inú sọ́ọ̀mpù kò ní bá ìsàlẹ̀ sọ́ọ̀mpù dọ́gba mọ́. Ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10 tó o bá fi rìn sẹ́yìn láti àárín, ojú ọ́ìlì á ga sí i ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.7. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, o ní họ́ọ̀sì rẹ wọlé lápá ọ̀dọ̀ yín. Bó bá jìn sí àárín sọ́ọ̀mpù ní sẹ̀ǹtímítà 22, ojú ọ́ìlì níbẹ̀ á ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ga sí i nígbà tó o bá ń gun òkè. Sẹ̀ǹtímítà 4 lo ní. Ìyẹn ni pé, bí tọ́bò náà bá wà lápá ibẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jù, tí tọ́bò ń yí jù, ẹnu ihò tọ́bò rẹ wà nísàlẹ̀ ojú ọ́ìlì.

Kí imú tó gòkè pàápàá, nígbà tí bàálù bá ń sáré lórí ilẹ̀, tí eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin agbára òòfà ilẹ̀, ọ́ìlì á rọ́ sẹ́yìn bí ẹni pé imú ti gòkè ní dígírì 14.

Èyí tí kì í ṣe wàhálà ni yíyà. Bó o bá yà dáadáa, tí bọ́ọ̀lù inú mítà yíyà wà láàárín, ọ́ìlì á ṣì máa fara ti ìsàlẹ̀ sọ́ọ̀mpù bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá bàálù ti gẹ̀ ní dígírì 60. Ìgbà tó o bá ń fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ wálẹ̀ ni kó o bẹ̀rù.

Nítorí náà, gbé ihò inú sọ́ọ̀mpù lọ sápá prọ́pẹ́là, lókè ojú ọ́ìlì. Bí imú bá gòkè, ọ́ìlì á sá kúrò níbẹ̀. Bó o bá ń sọ̀kalẹ̀, imú kì í sábà rẹlẹ̀ ju dígírì 5 lọ, eré ẹ́ńjìnnì náà á ti dín kù. Ìyẹn kò lè bo ihò rẹ.

Ìyẹ́ Àṣá

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ti tèmi yàtọ̀, nítorí pé mo dá 13B tèmi dùbúlẹ̀, púlọ́ọ̀gì kọjú sókè. Bọ́nẹ́ẹ̀tì wá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dùn ún wò. Àmọ́ ihò atẹ́gùn àti ihò èéfín lápá kejì púlọ́ọ̀gì ni wọ́n wà, nítorí náà wọ́n kọjú sílẹ̀, tọ́bò sì wà nísàlẹ̀ ohun gbogbo. Kò síbi tí ọ́ìlì lè ṣàn sí. Pọ́ǹpù ni dandan.

Pọ́ǹpù oníná ni mo kọ́kọ́ lò. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 30 ó lé. Lọ́jọ́ kan tí mo wà lókè, mo gbọ́ òórùn ọ́ìlì tó jó. Mo wo ẹ̀yìn, ìlà èéfín funfun gígùn ń tẹ̀ lé mi. Wáyà pọ́ǹpù ló já níbi tí wọ́n ti fún un mọ́ ẹnu irin. Mo dín eré kù kíá, mo ń wo mítà agbára ọ́ìlì bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí mo balẹ̀, ọ́ìlì tó kù kò tó ìdajì. Ẹ rántí pé lórí rọ́tárì, ọ́ìlì ló ń tu inú rọ́tọ̀ lára. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì tú dànù, ọ́ìlì ló ń gbé e jáde. Nínú mọ́tò, bí páìpù ìdapadà bá dí, èéfín ni wàá rí, wàá sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Lókè, tọ́bò ń tú ọ́ìlì rẹ dànù láti ẹnu sàlẹ́ńsà títí kò fi ní sí nǹkan kan mọ́ nínú sọ́ọ̀mpù.

Pọ́ǹpù onígíà tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ni mo ń lò báyìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, ó ń yí. Kò sí wáyà, kò sí fíúsì. Agbára fífà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ọ́ìlì tó ń wọ tọ́bò, torí pé ìfófòó ló ń fà. Mo jó agolo kékeré kan sábẹ́ tọ́bò kí ọ́ìlì kọ́kọ́ já sínú rẹ̀, pọ́ǹpù wá ń fà á láti ìsàlẹ̀ agolo, pẹ̀lú asẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kí èérún irin má bàa jẹ eyín gíà. Èmi kọ́ ni mo ronú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bàálù Rotax 914, tó ní agbára ẹṣin 115, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti ilé-iṣẹ́: agolo lábẹ́ tọ́bò, pọ́ǹpù kejì nínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ tó ń fà á padà sí táńkì.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ̀gbọ́n Ìyẹ́ Àṣá, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka ìyẹn. Ṣé kí èmi náà lọ wá pọ́ǹpù oníbẹ́líìtì ni?

Ìyẹ́ Àṣá

Rárá o. Bí ẹ́ńjìnnì mi bá dúró lóòró bíi tìrẹ, mi ò ní fi pọ́ǹpù kankan síbẹ̀. Òòfà ilẹ̀ kì í já wáyà. Àfi bó o bá fẹ́ máa dojú bàálù dé lókè. Ìyẹn ni kò ní ṣiṣẹ́ láìsí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù náà tún fẹ́ fáàfù tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì padà sínú tọ́bò lẹ́yìn tó o bá pa ẹ́ńjìnnì, ohun mìíràn tó lè há nìyẹn. Wá àyè gbé tọ́bò rẹ sókè.

Àgbà Tọ́bò

Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò kórìíra pọ́ǹpù oníná tó bẹ́ẹ̀, bí iná ìkìlọ̀ bá wà níwájú awakọ̀ tó ń sọ pé agbára rẹ̀ ti lọ.

Ohun méjì ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàlàyé.

Èkíní ni páìpù ìmí. Bí agbára bá ga nínú sọ́ọ̀mpù, á máa ti ọ́ìlì padà sókè nínú páìpù ìdapadà bó ti wù kó tóbi tó. Lórí 13B, ibi tí a ń da ọ́ìlì sí lórí irin àárín ni ẹ́ńjìnnì ti ń mí; má ṣe dí i, má sì so ó mọ́ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó burú jù ni ti òkè tó tutù. Ooru omi ń bá ìmí ẹ́ńjìnnì jáde, bó bá dé ẹnu páìpù níta bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lè dì di yìnyín, kó dí i pátápátá. Gé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sára páìpù yẹn nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tó ti gbóná, kí ẹ́ńjìnnì lè rí ibi mí sí bí ẹnu ìta bá dì. Àwọn bàálù tó ti ilé-iṣẹ́ wá náà ń ṣe é.

Èkejì ni ooru. Èéfín rọ́tárì gbóná ju ti ẹ́ńjìnnì onípístìnnì lọ. Ó lè kọjá dígírì 900 níbi tó ti ń wọ tọ́bò. O ní họ́ọ̀sì rẹ gba abẹ́ sàlẹ́ńsà. Ọ́ìlì á máa jó mọ́ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi èédú, inú rẹ̀ á máa há sí i. Bó bá wá ya, orí irin pípọ́n ló máa ṣàn sí. Fi irin tí kì í dípẹtà ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó o tó kan họ́ọ̀sì oní-Teflon, kó o sì wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù adènà-iná. Ìdánwò iná dígírì 1,093 ni wọ́n fi ń wọn họ́ọ̀sì bàálù: èyí tó bá fara dà á fún ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n ń pè ní èyí tó ń kojú iná, ìṣẹ́jú 15 ni ti èyí tí iná kò ràn.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo padà wá jábọ̀.

Mo gé sàlẹ́ńsà. Ó dùn mí, torí ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jó o pọ̀. Tọ́bò ti gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 9, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 13 ló wà báyìí láàárín ẹnu ihò rẹ̀ àti ojú ọ́ìlì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kò dé dáadáa mọ́, mo ní láti mọ ibi kékeré kan tó yọ síta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo yí àárín tọ́bò títí ihò fi dorí kodò. Mo yọ sọ́ọ̀mpù, mo dí ihò àtijọ́, mo sì jó ẹnu tuntun mọ́ ọn lápá prọ́pẹ́là, sẹ̀ǹtímítà 3 lókè ojú ọ́ìlì. Irin ni sẹ̀ǹtímítà 15 àkọ́kọ́, họ́ọ̀sì -10 ló tẹ̀ lé e, kò sì síbi tó ti rọ̀.

Nígbà tí mo yọ họ́ọ̀sì àtijọ́, mo là á sí méjì. Níbi tó ti gba abẹ́ sàlẹ́ńsà, èédú dúdú ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ yíká, líle bí ohun tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Bíírò lásán kò wọ ihò tó kù.

Mo dán an wò lórí ilẹ̀. Mo so ìdí bàálù mọ́ irin tí mo rì mọ́lẹ̀, mo dènà táyà, mo wá gbé táyà iwájú sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40, ìyẹn fún mi ní dígírì 15. Mo sáré e fún ìṣẹ́jú ogún, mo dín eré kù, mo pa á. Mo ti so aṣọ funfun mọ́ orí igi gígùn, mo nà án sí ẹnu sàlẹ́ńsà. Tẹ́lẹ̀, àmì ọ́ìlì máa ń tò sí i lára láàárín ìṣẹ́jú kan. Lọ́tẹ̀ yìí, eruku dúdú gbígbẹ ló wà lórí rẹ̀. Mo fọwọ́ nù ún, ó kúrò. Èéfín búlúù kò rú rárá. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá táyà, mo kàn ń wo aṣọ yẹn.

Òfúrufú Lọ́nà

Ó dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ṣé ọ́ìlì kún dé àmì òkè nígbà tó o ṣe é?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Rárá, àárín àmì méjèèjì ló wà. Òótọ́ lẹ sọ. Màá kún un dé àmì òkè, màá tún gbé imú rẹ̀ sókè, màá sì sáré e lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ìyẹ́ Àṣá

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́ lókè, yọ páìpù irin yẹn, kó o ti ìka bọ inú rẹ̀ níbi tó ti sún mọ́ sàlẹ́ńsà jù. Bó bá ń yọ̀, dá a padà. Bí nǹkan bá ń ta ọ́ lọ́wọ́ bí iyanrìn, wá irin pẹlẹbẹ kan kó o fi ṣe ìdábòòbò láàárín òun àti sàlẹ́ńsà.